Òrìṣà Ojú Ọ̀run Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Jésù

Pósí òkúta kan wà nínú ilé ìṣúra Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ ní Vatican tó yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà fara balẹ̀ wò. Òkúta mábù ni wọ́n fi ṣe é, gígùn rẹ̀ sì ju mítà méjì lọ dáadáa. Junius Bassus ni orúkọ ẹni tí wọ́n sin sínú rẹ̀. Olórí ìlú Róòmù ni, orí oyè náà ló sì wà tí ọlọ́jọ́ fi dé lọ́dún 359. Àkọlé tí wọ́n fín sí etí òkè pósí náà sọ fún wa pé ẹni ọdún 42 àti oṣù méjì ni, pé kò tíì pẹ́ tó ṣe ìrìbọmi, àti pé ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ló lọ bá Ọlọ́run.

Róòmù tí Bassus kú sí kì í ṣe ìlú onígbàgbọ́ pátápátá. Ọdún 313 ni Késárì Constantine àti Licinius akẹgbẹ́ rẹ̀ gba àwọn onígbàgbọ́ láyè láti máa sin Ọlọ́run wọn ní gbangba. Ọdún 46 péré ló wà láàárín ìgbà náà àti ikú Bassus. Tẹ́ńpìlì àwọn òrìṣà ṣì wà lórí ìdúró káàkiri ìlú. Nínú ìdílé ọlọ́lá kan náà, ẹnì kan lè jẹ́ ọmọ ìjọ kí ẹlòmíràn sì máa bọ ohun tí baba wọn ń bọ. Àwọn agbẹ́kùúta ìlú náà sì rèé, àti onígbàgbọ́ àti abọ̀rìṣà ló ń gbé iṣẹ́ wá bá wọn. Ohun tí mo rí lára pósí yìí, tí mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi rí, ni pé àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyẹn kò sọ àmì tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn baba wọn nù nígbà tí ìgbàgbọ́ tuntun dé. Àmì náà ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ọ̀hún, ọgbọ́n wọn sì wà nínú ibi tí wọ́n fi ohun kọ̀ọ̀kan sí: èwo ló wà lókè, èwo ló wà nísàlẹ̀, èwo ló dojú kọ èwo.

Iwájú pósí náà pín sí ìpele méjì. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní yàrá kéékèèké márùn-ún, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì pààlà láàárín wọn. Lókè, láti ọwọ́ òsì, a rí Ábúráhámù tó fẹ́ fi Ísákì rúbọ, Pétérù tí àwọn ọmọ ogun mú, Jésù lórí ìtẹ́, Jésù tí wọ́n ń mú lọ síwájú Pílátù, lẹ́yìn náà Pílátù fúnra rẹ̀. Nísàlẹ̀, Jóòbù nínú ìyà, Ádámù àti Éfà, Jésù lórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń wọ Jerúsálẹ́mù, Dáníẹ́lì láàárín àwọn kìnnìún, àti Pọ́ọ̀lù tí wọ́n ń mú lọ síbi tí wọ́n ti máa pa á. Ẹni tó bá mọ Bíbélì á rí i lójú ẹsẹ̀ pé wọn kò to àwọn ìtàn náà bí Ìwé Mímọ́ ṣe tò wọ́n. Èyí kì í ṣe àìmọ̀. Ìlànà mìíràn ni wọ́n tẹ̀ lé, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọwọ́ tó gbẹ́ ẹ. Agbẹ́kùúta náà wa òkúta kúrò lẹ́yìn àwọn ènìyàn rẹ̀ débi pé orí, apá àti ẹsẹ̀ àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, òjìji sì kún ẹ̀yìn wọn. Bí irin bá ṣi mábù gbẹ́ níbi kan, kò sí àtúnṣe, síbẹ̀ ó gbójú lé e láti gbẹ́ ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní tẹ́ẹ́rẹ́ àti láti jẹ́ kí apá ènìyàn yọ síta. Aṣọ ń wọ́ láti èjìká wálẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ orúnkún ẹni tó jókòó, ó sì ń ṣẹ́ po sí ibi tí apá bá ti gbé e. Ẹ fi wé ère kan tí wọ́n gbẹ́ sára ẹnubodè ìṣẹ́gun Constantine, tó wà ní Róòmù kan náà, tí wọ́n sì parí lọ́dún 315. Nínú ìlà ère tí wọ́n gbẹ́ ní àkókò Constantine fúnra rẹ̀ níbẹ̀, àwọn ènìyàn kúrú, wọ́n tò wọ́n pọ̀ pẹ́kípẹ́kí, ojú gbogbo wọn sì jọra. Àwọn tó gbẹ́ pósí Bassus lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ọdún padà sí ọ̀nà àwọn Gíríìkì àtijọ́. Wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan láyè tirẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó yí ara padà bí alààyè ṣe ń yí i. Orí àwọn ère náà ṣì tóbi díẹ̀ ju ara wọn lọ, àwọn olóye kan nílẹ̀ Yúróòpù sì ti ka ìyẹn sí àbùkù. Èmi kò kà á sí i. Àwa tí a ti ń wo ère Ọ̀ṣogbo àti ti Èkìtì láti kékeré mọ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni agbẹ́gilére ń fún láyè.

Àárín ìpele òkè ni ojú ń kọ́kọ́ lọ. Jésù jókòó lórí ìtẹ́, Pétérù àti Pọ́ọ̀lù dúró tì í lọ́tùn-ún lósì. Jésù yìí kò ní irùngbọ̀n. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán, irun rẹ̀ pọ̀, ìwé kíká sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí àwọn Gíríìkì àti àwọn ará Róòmù ṣe máa ń gbẹ́ Apollo, òrìṣà ìmọ́lẹ̀ àti orin, mọ̀ pé irú ojú yẹn kì í ṣe àjèjì sí wọn. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ náà kì í ṣe tuntun, nítorí ọwọ́ àwọn olùkọ́ ọgbọ́n àti àwọn tó ń pàṣẹ ni wọ́n ti máa ń fi ìwé sí tipẹ́tipẹ́.

Ẹ wá wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan yọ láti ìsàlẹ̀, láti àyà dé orí nìkan ló hàn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì na aṣọ kan sókè orí ara rẹ̀, atẹ́gùn sì fẹ́ aṣọ náà títí ó fi tẹ̀ kọrọdọ. Caelus nìyẹn, òrìṣà tí àwọn ará Róòmù fi ń ṣojú fún ọ̀run tó wà lókè wa. Aṣọ tó nà yẹn ni sánmà. Orí aṣọ náà gan-an ni Jésù gbé ẹsẹ̀ lé.

Àmì yìí ti gbó ní Róòmù kí Bassus tó dáyé. Ère Késárì Augustus kan wà tí wọ́n hú jáde ní Prima Porta lẹ́bàá Róòmù lọ́dún 1863. Ó wà ní Vatican báyìí bákan náà. Lókè àwo ìgbàyà ogun tí Augustus wọ̀, Caelus wà níbẹ̀ tó na aṣọ rẹ̀, láti sọ pé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ọ̀run ti di ti Késárì. Ẹ tún lọ sí Tẹsalóníkà, ìlú tí Pọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà sí. Ẹnubodè tí wọ́n kọ́ fún Késárì Galerius níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrin ṣì wà lórí ìdúró lápá kan. Lára rẹ̀ ni àwọn Késárì Diocletian àti Maximian ti jókòó sórí ìtẹ́, tí ojú ọ̀run àti ilẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Diocletian yìí ló pàṣẹ inúnibíni ńlá tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 303, tí wọ́n fi wó ilé ìjọsìn, tí wọ́n dáná sun ìwé mímọ́, tí wọ́n sì pa àwọn onígbàgbọ́. Àwọn kan tó fojú rí inúnibíni náà lọ́mọdé ṣì lè wà láàyè nígbà tí Bassus kú. Agbẹ́kùúta wa wá mú ìjókòó tí wọ́n gbẹ́ fún irú Késárì bẹ́ẹ̀, ó sì gbé Jésù kà á.

Kò bu Caelus kù. Kò fún un ní ìwo, kò sì sọ ọ́ di èṣù. Ó fara balẹ̀ gbẹ́ irùngbọ̀n rẹ̀, ó jẹ́ kí aṣọ rẹ̀ kún fún atẹ́gùn bí baba baba rẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣe máa ń ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà, ẹni tó wà lókè rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Késárì, Caelus ń jẹ́rìí pé ayé ti di ti ọba kan. Ní ìsàlẹ̀ Jésù, òun kan náà ń sọ pé ẹni tí wọ́n kàn mọ́ igi ní Jùdíà ló ni ọ̀run. Ẹni tó ń bọ̀rìṣà ní Róòmù tó bá kọjá níwájú pósí yìí kò nílò wòlíì tó máa ṣàlàyé fún un. Àmì tí ó mọ̀ láti kékeré ló rí, ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ rí ló ń sọ.

Bí ojú bá wá sọ̀kalẹ̀ láti ibẹ̀ sí yàrá tó wà lábẹ́ rẹ̀ tààrà, Jésù kan náà ló tún máa rí, ṣùgbọ́n orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni ó wà. Àwọn Késárì ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ ìlú, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ti ya ọ̀nà náà sára owó àti òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọba lórí ẹṣin, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbé sókè, àwọn ará ìlú ń jáde wá pàdé rẹ̀. Ọdún 357, ìyẹn ọdún méjì péré ṣáájú ikú Bassus, ni Késárì Constantius Kejì wọ Róòmù pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́ àti ọlá tí àwọn òpìtàn ìgbà náà kò gbàgbé. Àpẹẹrẹ yẹn ni agbẹ́kùúta tẹ̀ lé. Ọwọ́ tó gbé sókè wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹnì kan tún wà nínú igi láàárín ewé, tó ń yọjú wo ẹni tó ń bọ̀. Ẹṣin nìkan ni kò sí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kéré, ó sì rẹ orí sílẹ̀. Nínú ìlà kan ṣoṣo, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, a rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ojú ọ̀run, ìtẹ́. Èmi kò mọ iṣẹ́ mìíràn láti ọ̀rúndún yẹn tó sọ ìrẹ̀sílẹ̀ àti ìgbéga Jésù ní kúkúrú tó báyìí.

Láti àárín yìí la ti lè lóye bí wọ́n ṣe to àwọn ìtàn yòókù. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtẹ́, lápá òsì, Pétérù wà láàárín àwọn tó mú un. Lápá ọ̀tún, Jésù wà láàárín àwọn tó mú un. Ìdúró wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ń kánjú lè ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ní igun òkè lọ́wọ́ òsì, baba kan fẹ́ pa ọmọ rẹ̀. Ní igun òkè kejì, Pílátù fẹ́ pàṣẹ kí wọ́n pa Ọmọ mìíràn. Jóòbù wà ní igun ìsàlẹ̀ kan nínú ìyà, ìyàwó rẹ̀ fi aṣọ bo imú, Pọ́ọ̀lù wà ní igun kejì nínú ìyà tirẹ̀, koríko etí omi hù sẹ́yìn rẹ̀. Ìtàn ń dá ìtàn lóhùn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì.

Pílátù ni mo máa ń padà sí. Ó jókòó lórí àga ìdájọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà ní àgbọ̀n, ó gbé ojú kúrò lára Jésù. Ìránṣẹ́ rẹ̀ ti gbé omi dání, ṣùgbọ́n Pílátù kò tíì fọ ọwọ́. Agbẹ́kùúta náà dá ìtàn dúró síbẹ̀, ṣáájú kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu onídàájọ́. Ó sì fi òpó kan sáàárín Jésù àti Pílátù, yàrá tiwọn yàtọ̀ síra, kí ojú wọn má baà pàdé. Ẹ má gbàgbé iṣẹ́ ẹni tí pósí yìí jẹ́ tirẹ̀. Olórí ìlú Róòmù ni adájọ́ àgbà ìlú náà. Bassus fúnra rẹ̀ ti jókòó sórí irú àga yẹn, ó ti gbọ́ ẹjọ́, ó ti dájọ́. Ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ́ Pílátù sí pósí adájọ́, kí ó sì jẹ́ kí iyèméjì hàn lójú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mọ ohun tí òun ń ṣe.

Kò sí àgbélébùú níbì kankan lára pósí náà. Ó lè ya onígbàgbọ́ òde òní lẹ́nu, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà ìjọ ṣe rí nígbà náà. Ikú ọ̀daràn ni ikú orí igi jẹ́ lójú ará Róòmù, ó sì pẹ́ kí ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà tó gbà á. Ilẹ̀kùn onígi Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Sabina ní Róòmù, tí wọ́n gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 430, wà lára àwọn ibi tí a ti kọ́kọ́ rí i nínú iṣẹ́ ìjọ. Lára pósí Bassus, ìyà wà nínú gbogbo igun, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jìyà kò kérora. Ara Ísákì balẹ̀. Pọ́ọ̀lù tẹrí ba, kò bẹ̀bẹ̀. Ìbàlẹ̀ ọkàn yìí náà wá láti ilé àwọn Gíríìkì, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ akọni láìjẹ́ kí ìrora ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ìjọ gbà á, ó sì di ìbàlẹ̀ ọkàn ajẹ́rìíkú.

Ádámù àti Éfà wà ní ìhòòhò, ara wọn sì jẹ́ ara tí àwọn agbẹ́kùúta ti ń gbẹ́ fún àwọn òrìṣà àti akọni láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ejò lọ́ mọ́ igi láàárín wọn. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ewé ni wọ́n fi bo ìtìjú. Ìdì àlìkámà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ádámù, ọ̀dọ́ àgùntàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Éfà. Iṣẹ́ tó já lé wọn lórí lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ̀ nìyẹn: kí ọkùnrin máa roko, kí obìnrin máa ran òwú irun àgùntàn. Ẹ di àlìkámà àti ọ̀dọ́ àgùntàn náà mú lọ́kàn, nítorí agbẹ́kùúta yìí kì í fi ohun kan síbi kan kó má tún pè é níbòmíràn.

Ní ẹ̀gbẹ́ pósí náà, kò sí ìtàn Bíbélì rárá. Àwọn ọmọ kéékèèké oníhòòhò ló kún ibẹ̀, wọ́n ń kórè. Wọ́n ń ká èso àjàrà, wọ́n ń gbé e, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ọtí lè jáde. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n ń kórè àlìkámà, àwọn àmì àkókò ọdún sì wà pẹ̀lú wọn. Lára àwọn òpó tó yí Jésù ká ní iwájú pósí, àwọn ọmọ náà ló tún ń gun igi àjàrà lọ sókè, nígbà tí àwọn òpó yòókù kàn ní ìlà tó lọ́ yípo. Ní Róòmù àtijọ́, ọ̀dọ̀ Bacchus, òrìṣà ọtí àti ayọ̀, ni àwọn ọmọ yìí ti wá. Ara ibojì àwọn abọ̀rìṣà ni wọ́n ti ń ṣeré láti ṣèlérí pé ayọ̀ ṣì ń bẹ lẹ́yìn ikú. Wọ́n wọ ilé ọmọ Constantine pẹ̀lú: nínú ibojì Constantina ní Róòmù, tí a mọ̀ sí Santa Costanza, àwọn ọmọ náà ń kórè àjàrà nínú iṣẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ aláràbarà tó bo òrùlé, àwọn ènìyàn sì fi ọ̀pọ̀ ọdún pe ilé náà ní tẹ́ńpìlì Bacchus. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí àmì tó wà níwájú wọn kò yí padà. Ṣùgbọ́n lára pósí Bassus, Jésù ló wà láàárín àwọn òpó alájàrà náà, ẹni tó pe ara rẹ̀ ní àjàrà tòótọ́ nínú Ìhìn Rere Jòhánù. Àlìkámà tó jẹ́ ìyà Ádámù ní iwájú ti di ìkórè ayọ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Àjàrà àti àlìkámà, ọtí àti búrẹ́dì: ẹni tó bá ti jẹ oúnjẹ alẹ́ Olúwa rí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

Ọ̀dọ́ àgùntàn Éfà náà tún yọjú. Ní àwọn igun mẹ́fà tó wà lókè àwọn yàrá ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kì í sábà dé, agbẹ́kùúta náà gbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ àgùntàn kéékèèké tó ń ṣe ohun tí ènìyàn ṣe nínú Bíbélì. Ọ̀dọ́ àgùntàn mẹ́ta wà nínú iná ìléru. Ọ̀dọ́ àgùntàn kan fi ọ̀pá lu àpáta kí omi lè jáde. Ọ̀kan ń bù kún búrẹ́dì, ọ̀kan ń gba òfin, ọ̀kan ń ṣe ìrìbọmi fún òmíràn, ọ̀kan ń jí Lásárù dìde. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣẹ́ lára, síbẹ̀ ẹni tó bá súnmọ́ wọn á rí inú dídùn ẹni tó gbẹ́ wọn. Àṣà Róòmù ni láti fi ẹ̀dá kéékèèké kún igun iṣẹ́ ńlá, kí ojú má baà rí àlàfo. Oníṣẹ́ yìí kò jẹ́ kí àlàfo kankan ṣòfò.

Ta wá ni àwọn agbẹ́kùúta náà? Orúkọ wọn kò kù. Ṣùgbọ́n a mọ irú ìlú tí wọ́n ń gbé. Bàbá Bassus, tí òun náà ń jẹ́ Junius Bassus, tó sì jẹ́ kọ́ńsùlù lọ́dún 331, kọ́ gbọ̀ngàn kan sórí òkè Esquiline. Ó fi òkúta aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe ògiri rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́: ẹkùn tó ki ọmọ màlúù mọ́lẹ̀, àti Hylas, arẹwà ọmọkùnrin inú ìtàn Gíríìkì, tí àwọn iwin obìnrin inú omi ń fà lọ. Ní ọ̀rúndún karùn-ún ni Póòpù Simplicius sọ gbọ̀ngàn náà di ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé ọjọ́ kan tún wà tí Filocalus ṣe lọ́dún 354 fún ọlọ́lá kan tó ń jẹ́ Valentinus. Nínú ìwé kan ṣoṣo yẹn, ọdún àwọn òrìṣà wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí àwọn Késárì wà níbẹ̀, orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Róòmù wà níbẹ̀, ọjọ́ ìbí Jésù ní 25 oṣù Kejìlá sì wà níbẹ̀. Nínú ibojì abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n rí lójú ọ̀nà Via Latina lọ́dún 1955, wọ́n ya Hercules, akọni inú ìtàn Gíríìkì, tó ń mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Alcestis padà bọ̀ láti ọ̀run àwọn òkú, yàrá tó sún mọ́ ọn sì kún fún ìtàn Bíbélì.

Nílẹ̀ wa, irú ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà. Lọ́dún 1947 ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì dá ilé iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, Fádà Kevin Carroll sì wà lára àwọn tó mójú tó o. Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ogún agbẹ́gilére ńlá, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, mùsùlùmí, ọmọ ìdílé agbẹ́gilére, kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Láti ibẹ̀ ni ère àwọn amòye inú Bíbélì tó wá láti ìlà-oòrùn ti jáde wá gẹ́gẹ́ bí ọba Yorùbá tó dé adé, Fákẹ́yẹ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ilé ìjọsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Onílù tó fi dùndún ki ọba láàfin kan náà ló ń fi dùndún gbé orin ìyìn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ìlù kò sì di ìlù mìíràn. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń béèrè bí mùsùlùmí ṣe lè gbẹ́ Màríà, àwọn agbẹ́kùúta Róòmù ni mo máa ń rántí.

Àwọn kan máa ń pe irú iṣẹ́ báyìí ní àmúlùmálà ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe asán níbi gbogbo, nítorí iṣẹ́ ìgbà náà wà tí ó ṣòro láti mọ ẹni tí wọ́n ń bọ. Nínú ibojì kékeré kan lábẹ́ Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ yìí náà, ẹnì kan wà nínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, ìtànṣán yọ lórí rẹ̀ bí ti Helios, òrìṣà oòrùn, ewé àjàrà sì yí i ká. Jésù ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á sí. Ṣùgbọ́n pósí Bassus kò rú ènìyàn lójú bẹ́ẹ̀. Ká ní àmúlùmálà ni, Caelus ì bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jésù, kí àwọn méjèèjì jọ pín ìtẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń gbé e. Bacchus kò sí níbì kankan, àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ló kù, wọ́n sì ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹni tó to iṣẹ́ yìí mọ ohun tó gbà gbọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi bẹ̀rù ohun tí baba rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Lójú tèmi, iṣẹ́ yìí ní ìgboyà ju ti àwọn tó wá ń fọ́ imú àti apá ère òrìṣà nígbà tó yá.

Pósí náà wà nínú ilẹ̀ lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ Pétérù Mímọ́, nítòsí ibojì àpọ́sítélì náà, títí di òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, nígbà tí iṣẹ́ kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tuntun gbé e jáde. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ojú rẹ̀ pé tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé ohunkóhun kò ṣe é. Dáníẹ́lì tó wà láàárín àwọn kìnnìún lónìí kì í ṣe ti àtijọ́, wọ́n ṣe é rọ́pò èyí tó ti bàjẹ́, ó sì hàn, nítorí ó dúró gan-an láìsí ìrọ̀rùn tó wà lára àwọn tó yí i ká. Ìdérí pósí náà ti fọ́, díẹ̀ ló kù nínú ewì tí wọ́n kọ sí i láti sọ bí ìlú ṣe sunkún Bassus.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ló ń lọ sí Róòmù fún ìrìn àjò mímọ́ lọ́dọọdún. Bí ẹ bá wà lára wọn, tàbí tí ẹ ní ọmọ tó fẹ́ lọ, ẹ má jẹ́ kó jáde ní Bàsílíkà láìwọ ilé ìṣúra. Ẹ̀dà pósí náà wà ní Ilé Ọnà Vatican fún ẹni tí ààyè kò bá gbà. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ́nù náà ní ohun tí wọ́n lè wò: àpótí fàdákà Projecta wà ní British Museum, Venus, òrìṣà ìfẹ́, jókòó nínú ìkarahun lókè rẹ̀, àkọlé tó wà nísàlẹ̀ sì ń kí Secundus àti Projecta pé kí wọ́n máa gbé nínú Kírísítì. Ẹ lọ wò ó, ẹ mú ọmọ yín dání, kí ẹ sì bi í léèrè ohun tó rí lókè àti ohun tó rí nísàlẹ̀.